Rancour: Ìtàn Ìbínú Tí A Tọ́jú Pamọ́

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni rancour. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀: r, a, n, c, o, u, r. Ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà máa ń pè é ní ráńkọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pè é ní ráńkà.

Kí ló dé tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí nínú gbogbo ọ̀rọ̀? Nítorí pé kò sí àsìkò ìbò tí yóò kọjá lórílẹ̀-èdè wa tí ẹ kò ní gbọ́ ọ. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fẹ́ yan olùdíje, aṣáájú wọn á bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, á ní ìdìbò abẹ́lé àwọn yóò jẹ́ rancour-free. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, ìwé ìròyìn á tún gbé e jáde pé rancour-free ni. Ẹ bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín léèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé ó túmọ̀ sí pé kò sí ìjà, kò sí ariwo, ẹnikẹ́ni kò gbé àga lu ẹnikẹ́ni.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Rárá o. Àga tí wọ́n jù lu ara wọn ní gbangba, ìjà nìyẹn, jàgídíjàgan nìyẹn. Rancour lè kún inú ìpàdé tí gbogbo ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń dì mọ́ra níwájú kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí n sọ kókó ọ̀rọ̀ mi ní kíákíá, kí ẹ lè mú un dání bí a ti ń lọ: rancour kì í ṣe ìjà, kì í sì í ṣe ìbínú ojú ẹsẹ̀. Rancour ni ìbínú tó ti pẹ́ nínú ènìyàn, tó ti korò, tó sì kọ̀ tí kò lọ. Ẹni tó bínú láàárọ̀, tó pariwo, tó sì ń báni ṣeré nírọ̀lẹ́, kò ní rancour nínú. Ẹni tí kò pariwo rí, àmọ́ tó rántí ohun tí ẹ ṣe fún un ní ogún ọdún sẹ́yìn, tó sì ń dùn ún bí ẹni pé àná ni, òun ni kí ẹ wò dáadáa.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá? Inú àká oúnjẹ ni. Àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí èdè wọn ń jẹ́ Látìnì, ní ọ̀rọ̀ kan, rancere. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí nǹkan bàjẹ́ kó sì máa rùn. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ rancor, òórùn tó ń jáde lára ọ̀rá tàbí epo tó ti pẹ́ jù. Òǹkọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Palladius, tó kọ ìwé lórí iṣẹ́ oko àti ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ máa ṣe ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó gbé láyé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin sí ìkarùn-ún. Nínú ìwé tirẹ̀, rancor kò ju òórùn lásán lọ. Kò kan ọ̀tá, kò kan ọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta epo, òórùn tí à ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì tó ti pẹ́ nílẹ̀, òórùn kan á bọ́ sí yín nímú kí ẹ tó rí ojú epo rárá. Òrí tí a gbàgbé sínú igbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ tí a kò tètè lò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló ń fà á? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́síjìn wà. Òun ló ń gbà wá là, òun náà ló ń wọ inú epo lọ díẹ̀díẹ̀ tó sì ń ba á jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ nípa epo fi ń dé e pinpin, tí wọ́n sì ń gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti lè pa á.

Àmọ́ ohun méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Èkíní ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Epo náà á ṣì mọ́ lójú, á ṣì dùn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti ń lọ nínú rẹ̀. Ìgbà tí òórùn bá fi máa jáde, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Ìkejì ni pé èyí tó ti bàjẹ́ nínú epo a máa ba èyí tó kù jẹ́. Bí ẹ bá rò pé ẹ ó bu epo tuntun lé ti àtijọ́ kó lè dára, ẹ kò tún ti àtijọ́ ṣe. Tuntun lẹ kó sí wàhálà. Àwọn ará Róòmù kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ́síjìn, àmọ́ imú wọn mọ òórùn yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan ọjọ́ kan.

Ó dára. Ta ló wá gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìṣà epo, tó gbé e wọ inú ọkàn ènìyàn? Àwọn òǹkọ̀wé ìjọ Kristẹni ni. Ọ̀kan lára àwọn tí a kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ wọn ni Jerome, ọ̀mọ̀wé àlùfáà tó jókòó sí ìlú Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìnì. Lọ́wọ́ Jerome, rancor ti kúrò ní òórùn ọ̀rá. Ó ti di ìkùnsínú, ohun kíkorò tí ènìyàn fi pamọ́ sínú sí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá sì wo ìgbésí ayé Jerome fúnra rẹ̀, a ó rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kedere ju bí ìwé atúmọ̀ èdè yòówù ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Jerome ní ọ̀rẹ́ kan láti ìgbà èwe wọn. Rufinus lorúkọ ọ̀rẹ́ náà. Wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olùfọkànsìn ní Aquileia, ìlú kan ní àríwá Ítálì. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì kọjá sí Ilẹ̀ Mímọ́. Rufinus ń gbé lórí Òkè Ólífì ní Jerúsálẹ́mù, Jerome sì ń gbé ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ibẹ̀ kò jìnnà síra wọn rárá, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ á ti dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, aládùúgbò ni wọ́n, iṣẹ́ ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Kí ló wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn? Ọ̀rọ̀ òkú ni, ẹ gbà mí gbọ́. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, tó ń jẹ́ Origen. Ó ti kú ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà tí à ń wí. Ní nǹkan bí ọdún 393, àwọn kan dìde pé ẹ̀kọ́ Origen kò tọ̀nà, wọ́n sì ní kí gbogbo àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ jáde wá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Jerome gbà. Rufinus kọ̀. Bí ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ṣe fọ́ nìyẹn.

Wọ́n jà fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 397, wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Àjíǹde ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sìn pọ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ìjà ti parí. Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì máa rẹ́. Rufinus wọkọ̀ ojú omi, ó padà sí Ítálì.

Ṣé ó wá parí lóòótọ́? Kò parí o. Nígbà tí Rufinus dé Ítálì, ó túmọ̀ ìwé ńlá kan tí Origen kọ sí èdè Látìnì. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó fi hàn pé ọ̀mọ̀wé pàtàkì kan ti yin Origen rí, ó sì ti túmọ̀ ìwé rẹ̀ ṣáájú òun. Kò dárúkọ, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Jerome ló ń bá wí. Àwọn ọ̀rẹ́ Jerome ní Róòmù fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Háà! Ohun gbogbo tí wọ́n ti sin tẹ́lẹ̀ jí dìde. Jerome kọ̀wé, Rufinus fèsì, Jerome tún kọ. Wọ́n ń hú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ fún ara wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ jáde. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo tó wà ní orílẹ̀-èdè Àlìgéríà òde òní, kọ̀wé sí Jerome láti sọ bí ó ṣe dun òun tó pé ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀.

Rufinus kú ní Sísílì ní nǹkan bí ọdún 411, níbi tó sá sí nígbà tí ogun ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Goth ń jà ní Ítálì. Bí ọ̀tá ẹni bá kú, ṣebí ìjà á kú mọ́ ọn? Jerome gbọ́ ikú rẹ̀, ó gbé kálàmù, ó fi í wé àkeekèé tí ilẹ̀ Sísílì ti bò mọ́lẹ̀. Ó tún sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀gàn kan, ẹni tó ń kùn bí ẹlẹ́dẹ̀. Ní tèmi, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí Jerome ṣe. Ẹni mímọ́ ni ìjọ Kátólíìkì kà á sí, Bíbélì tó túmọ̀ sì ni wọ́n lò ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Síbẹ̀, bí mo bá ń ronú nípa ọ̀rọ̀ àkeekèé yẹn, àánú a máa ṣe mí. Ọ̀rẹ́ èwe rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹni yẹn kò sì lè dáhùn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjà àti rancour. Ìjà àkọ́kọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 393, ìjà gidi ni, ó ní ìdí, ó sì ní òpin. Èyí tó padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́, tó wà títí ọ̀kan fi kú, tó tún wà lẹ́yìn ikú rẹ̀, òun ni rancour. Àwọn baba wa ní, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Ní báyìí, báwo ni ọ̀rọ̀ Látìnì ṣe di ti Gẹ̀ẹ́sì? Ilẹ̀ Faransé ló gbà kọjá. Ní ọdún 1066, William, olórí ilẹ̀ Normandy, kó ogun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣẹ́gun, ó sì gorí ìtẹ́. Láti ìgbà náà, èdè Faransé ni ọba ń sọ láàfin, òun náà ni wọ́n ń sọ nílé ẹjọ́. Ó di ọdún 1362 kí òfin tó gbà pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ Faransé rọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Rancour bá wọn wọlé.

Kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló jogún rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni nílé ìwé, mọ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ rancune. Ọmọ ìyá kan náà ni. Àwọn èèyàn wa ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil ń pè é ní rancor ní èdè Pọtogí. Àwọn tó wà ní Kúbà ń pè é ní rencor ní èdè Sípéènì. Ibi gbogbo tí èdè Látìnì bímọ sí ni ọ̀rọ̀ náà wà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà: ìbínú tó ti pẹ́ nínú.

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, a rí i lọ́wọ́ Geoffrey Chaucer, akéwì tó kú ní ọdún 1400. Ó wà nínú ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Griselda. Ọmọ tálákà ni Griselda, bàálẹ̀ ńlá kan ló wá fi í ṣe aya. Kò pẹ́ tó dé ààfin tí àwọn ará ìlú fi rí i pé ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kéré. Bí ọkọ rẹ̀ kò bá sí nílé, òun ló ń parí aáwọ̀ láàárín àwọn ìjòyè. Níbẹ̀ ni Chaucer ti lo rancour: ọ̀kan lára ohun tí obìnrin yìí lè pẹ̀tù sí ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé dáadáa. Ẹni tó ń pẹ̀tù ni wọ́n ń pè, kì í ṣe ọlọ́pàá, nítorí inú ènìyàn ni ohun tí à ń wí wà.

Lẹ́yìn nǹkan bí igba ọdún, William Shakespeare fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu Macbeth nínú eré rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ náà. Macbeth ti pa ọba tí òun fúnra rẹ̀ gbà lálejò, ó ti gba adé. Ó wá ń ronú pé àwọn ọmọ Banquo, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni yóò jogún ìjọba lẹ́yìn òun gẹ́gẹ́ bí àwọn àjẹ́ ti sọ, pé àwọn ni òun ti ba ọkàn ara òun jẹ́ fún. Ní ibi yìí, ẹ ó rí i pé inú Macbeth fúnra rẹ̀ ni rancour wà. Kò tí ì kan Banquo rárá. Ọkàn tó gbé rancour náà ló ń bà jẹ́. Shakespeare mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó mú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn sinimá, rancor kan náà ni orúkọ ẹranko búburú tó wà nínú kòtò ní sinimá Star Wars tó jáde ní ọdún 1983. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò ṣèèṣì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé bírò yín, tiyín ló kàn. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ rancid, tí wọ́n ń lò fún bọ́tà tàbí epo tó ti bàjẹ́. Ọmọ baba kan náà ni rancid àti rancour, àmọ́ rancid dé lẹ́yìn, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló lọ mú un tààrà láti inú Látìnì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń lo méjèèjì láì mọ̀ pé wọ́n bá ara wọn tan. Nípa bí a ṣe ń kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba fi u sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà, láti ìgbà Noah Webster tó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1828, ti yọ u kúrò. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kọ rancorous, tó ń ṣàpèjúwe ènìyàn tàbí ọ̀rọ̀ tó kún fún rancour, kò sí u lẹ́yìn o àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ní ìlú ọba tàbí ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í kọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó fi ojú jọ ọ́, rankle. Wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rárá. Látìnì tó bí rankle ń sọ nípa dírágónì kékeré, èyí tí wọ́n wá fi ń pe egbò tó kún fún ọyún. Bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan bá ṣì ń dun ènìyàn bí egbò tí kò jinná, Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé it rankles. Ìbí wọn yàtọ̀, àmọ́ ibi kan náà ni wọ́n padà pàdé sí.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ ti rancour. Animosity ńkọ́? Nígbà tó kọ́kọ́ dé inú Gẹ̀ẹ́sì, ìgboyà ló túmọ̀ sí. Acrimony ńkọ́? Nǹkan tó ta lẹ́nu tàbí nímú ni wọ́n fi ń júwe kó tó di ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń ta ènìyàn lára. Acrimony ń hàn nínú ọ̀rọ̀ tí a sọ jáde. Rancour lè má sọ ohunkóhun.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa ni malice, nítorí òun ni ọmọ Yorùbá ń lò jù. Bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí a fẹ́ sọ pé a ń bá ẹnì kan yan odì, kí la máa ń wí? A máa ń ní I am keeping malice with her. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń sọ ọ́, ọmọ iléèwé ń sọ ọ́, tọkọtaya ń sọ ọ́. A kò sì nìkan jẹ̀bi, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀bi: àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ara wa, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ara wa yé.

Ìṣòro wà níbẹ̀ bí ẹ bá dé ìlú ọba. Malice lédè Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́ èrò ibi, pé kí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ sì tún ni. Láti ayé Edward Coke, adájọ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, òfin wọn ti sọ pé kí ìpànìyàn tó lè di murder, malice aforethought gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá dúró níwájú ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní òun ti ń keep malice pẹ̀lú aládùúgbò òun láti ọdún tó kọjá, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àwọn kì í kí ara wọn. Ohun tí ọlọ́pàá máa gbọ́ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Ohun ìyanu kan tún wà nípa malice ti ilé ẹjọ́: kò pọn dandan kí ìkórìíra wà nínú rẹ̀. Adájọ́ ń wò ó bóyá ẹni náà pinnu láti pa ènìyàn tàbí láti ṣe é léṣe gidi. Bóyá ó kórìíra rẹ̀ tàbí ó fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn kò kan òfin. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ìwé ìròyìn New York Times àti Sullivan ní ọdún 1964, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó pe oníròyìn lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé actual malice wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oníròyìn náà mọ̀ pé irọ́ ni ohun tí òun kọ, tàbí kò bìkítà bóyá irọ́ ni. Kò kan bóyá inú rẹ̀ korò. Nítorí náà, ènìyàn lè ní malice láì ní rancour, ó sì lè ní rancour láì ní malice ti òfin. Mo tún un sọ: malice wà nínú ohun tí a gbèrò láti ṣe. Rancour wà nínú ohun tí a kò jẹ́ kó tán nínú.

Àwa ńkọ́? Kí ni Yorùbá ń pe rancour? Yan odì kọ́, nítorí ọmọdé méjì lè yan odì láàárọ̀ kí wọ́n sì jọ jẹun lálẹ́. Àránkàn sún mọ́ malice ju rancour lọ. Kèéta sún mọ́ rancour, ìkùnsínú náà sì sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ rancour, màá sọ pé ìkùnsínú tó ti pẹ́ títí tó di kèéta ni. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan kò gbé e tán, kò sì sí àbùkù níbẹ̀.

Àmọ́ àwọn àgbà wa mọ ohun náà fúnra rẹ̀ dájú. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń parí ìjà ní agboolé. Wọn kì í kàn dá ẹ̀bi fún ẹnì kan kí wọ́n sì dìde. Wọ́n á ní kí oníkálùkù sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ jù, òun gan-an ni wọ́n á tún dojú kọ. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti níyanjú, bàbá tàbí ìyá tó jẹ́ àgbà jù á wo ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, á bi í pé, “Ṣé ó ti tán nínú rẹ?” Bó bá ní ó ti tán, wọ́n á tún béèrè. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kóòtù kì í bi ènìyàn ní irú ìbéèrè yẹn. Kóòtù ń dá ẹjọ́, ó sì tú ká, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo gbà tọkàntọkàn pé ìbéèrè àwọn àgbà yẹn ṣe pàtàkì ju ìdájọ́ fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí pé a ti ń fi sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé.

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Bí ìdìbò abẹ́lé bá lọ láìsí ìjà, ẹ kọ ọ́ pé ó lọ láìsí ìjà. Ẹ má tíì kọ rancour-free. Ẹ dúró di oṣù díẹ̀ sí i, kí ẹ wo àwọn tó fìdí rẹmi bóyá wọ́n ṣì wà nínú ẹgbẹ́, kí ẹ wo bóyá wọ́n ń bá ẹni tó wọlé kẹ́nu bo ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè mọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó kù ni bí a ṣe ń lò ó nínú gbólóhùn. A kì í sábà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ má kọ s sí i lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ènìyàn ní in sí ẹnì kan, ẹ lè lo towards tàbí against. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan rántí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ láì ní ìkorò nínú, without rancour ni kí ẹ kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, ọ̀rọ̀ feud ni a ó gbé yẹ̀ wò, ìjà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì ń jà.